Ta Ni Ó Yí Padà? Ìpààrọ̀ Iléeṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Sátẹ́láìtì àti Ìdè Ẹ̀rọ Tuntun ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1986–2001

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ka ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ti kọ nípa ìtàn tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé ìtàn àwọn olówó ni ó gba ibi tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A gbọ́ bí gbèsè ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé iléeṣẹ́ Rupert Murdoch mì ní 1990. A gbọ́ bí àwọn olùdarí BSB ṣe ń náwó bí ẹni pé owó kò lè tán. A sì gbọ́ nípa ìpàdé bòókẹ́lẹ́ tí ó sọ iléeṣẹ́ méjèèjì di ọ̀kan. Báyìí ni Peter Chippindale àti Suzanne Franks ṣe gbé e kalẹ̀ nínú ìwé wọn, Dished!, tí ó jáde ní 1991. Ìwé náà wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìpàdé, a kò sì ní í tún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí a gbé ìtàn náà jáde kúrò nínú yàrá ìpàdé lọ sí ara ògiri ilé, níbi tí wọ́n de díìṣì mọ́.

Ìbéèrè wa kò pọ̀. Bí ilé kan bá kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ sátẹ́láìtì kan tí ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, tí oníṣẹ́ wá tú ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó sì de tuntun, ta ni ó yí padà ní ti gidi? Ìdáhùn tí àwọn ìjọba àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fọ̀n rere rẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980 ni pé òǹwòran ni: òun ni ó ní owó, òun ni ó ní àṣàyàn, ibi tí ó bá wù ú ni yóò lọ. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé nínú àwọn ìṣípòpadà ńláńlá tí ó wáyé láàárín 1986 sí 2001, àwọn iléeṣẹ́ ni ó ṣí òǹwòran nípò, àti pé ohun èlò tí wọ́n fi ṣe é ni díìṣì àti àpótí dikódà, nítorí pé wọ́n ti ṣe wọ́n ní ọ̀nà tí wọn kò fi lè gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí a sọ nǹkan kan nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Àwọn ènìyàn wa ti gba díìṣì àti dikódà wọ inú èdè Yorùbá, a kò sì rí ìdí tí a ó fi máa wá ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá rọ́pò wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó gba àròjinlẹ̀ ni oníbàárà. Nínú ọjà Yorùbá, ẹni tí ń tà a máa pe ẹni tí ń rà ní oníbàárà rẹ̀, ẹni tí ń rà náà a sì máa pe ẹni tí ń tà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó so wọ́n pọ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn méjèèjì ni okùn àjọṣe náà wà: bí aláṣọ bá ṣe àṣejù, ẹni tí ń rà á yóò kó owó rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ kejì, aṣọ tí ó ti rà tẹ́lẹ̀ yóò sì máa jẹ́ aṣọ síbẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí.

2. Ìpààrọ̀ ẹ̀rọ kí sátẹ́láìtì tó dé

Kì í ṣe sátẹ́láìtì ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn òǹwòran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí ITV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, 1955, ìgbì tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí BBC ń lò, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti wà nílé kò sì lè gbà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ITV ní láti ra ẹ̀rọ tuntun tàbí kí ó ra ẹ̀rọ kékeré tí yóò yí ìgbì náà sí èyí tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lè gbọ́, kí ó sì gbé ọ̀pá ìgbàwòrán mìíràn sórí òrùlé. Ohun tí ó jọ èyí tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí BBC2 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, 1964, pẹ̀lú àwòrán onílà 625 dípò onílà 405 tí ó ti wà láti 1936.

Nǹkan méjì ni ó ya ìṣípòpadà yìí sọ́tọ̀ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Èkíní ni pé ìlànà kan náà ni gbogbo iléeṣẹ́ lò. Nígbà tí BBC1 àti ITV náà bọ́ sí onílà 625 ní 1969, ẹ̀rọ tí ènìyàn rà nítorí BBC2 ni ó fi wò wọ́n. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ti iléeṣẹ́ wo ni tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Èkejì ni gígùn àkókò. Oṣù kìíní 1985 ni wọ́n tó pa ìgbì onílà 405 pátápátá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé láti 1964, àti ẹ̀rọ àtijọ́ àti tuntun jọ wà fún nǹkan bí 21 ọdún. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ onílà 405 ní ọdún tí ó ṣáájú BBC2 lè lò ó títí tí yóò fi gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ kú, kí ìgbì rẹ̀ tó dákẹ́. Ìjọba àti àwọn elétò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbé ẹrù ìyípadà náà lọ́wọ́ fún ogún ọdún kí ó má baà ja òǹwòran láyà. A kò sọ pé inú rere nìkan ni ó fà á. Ó rọrùn láti ní sùúrù níbi tí kò sí ẹni tí ń bá ọ du ọjà. Ṣùgbọ́n sùúrù náà wà, a ó sì fi wọn ohun tí ń bọ̀.

3. Ìlànà méjì, apá ojú ọ̀run méjì

Ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 1977 lórí ọ̀rọ̀ ìgbì rédíò ni ó pín àyè ojú ọ̀run fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ fi sátẹ́láìtì gbé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé tààrà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìkànnì márùn-ún ní ipò 31 ìwọ̀-oòrùn. BBC kọ́kọ́ gbìyànjú láti lo àyè náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wúwo jù ú lọ. Ní oṣù kejìlá 1986, IBA, àjọ tí ń ṣàkóso tẹlifíṣọ̀n oníṣòwò, fi àdéhùn náà lé àwọn iléeṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí wọ́n para pọ̀ di British Satellite Broadcasting, tí a mọ̀ sí BSB. Granada, Anglia, Pearson àti Virgin wà nínú wọn. Amstrad, iléeṣẹ́ Alan Sugar, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi jáde.

Àdéhùn náà kò fi BSB sílẹ̀ kí ó yan ẹ̀rọ tí ó bá wù ú. Ìlànà D-MAC ni ó gbọ́dọ̀ lò, nítorí pé òfin Àwùjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti 1986 ti ní kí sátẹ́láìtì tí ń gbé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé tààrà máa lo ìlànà MAC. Ìlànà náà dára ní tòótọ́: àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti PAL tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n ń lò lọ. Ṣùgbọ́n kò sí àpótí tí ó lè tú u lọ́jà. Àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú dikódà kò tètè ṣetán, nítorí náà iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé 1989 ní láti dúró di ìgbà ìrúwé 1990. Ohun tí BSB fi ń pe àwọn ènìyàn mọ́ra ní gbogbo àkókò yìí ni eríàlì pẹrẹsẹ onígun mẹ́rin kan tí wọ́n sọ ní Squarial. Ó kéré, ó sì yàtọ̀ sí díìṣì rìbìtì tí àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ó ń ba ojú ilé jẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ni Murdoch gbà wọlé. Ní oṣù kẹfà 1988, ó kéde pé Sky yóò gba orí Astra wọ àwọn ilé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iléeṣẹ́ kan ní Luxembourg ni ó ni Astra, wọ́n sì ta á sí ojú ọ̀run ní oṣù kejìlá ọdún náà, sí ipò 19.2 ìlà-oòrùn. Sátẹ́láìtì tí wọ́n ń lò fún ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ìpàdé Geneva pín àyè fún, nítorí náà òfin MAC kò bá a wí. PAL ni Sky lò. Sugar, tí ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ BSB, ni ó ṣèlérí díìṣì àti dikódà ní £199. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, 1989, Sky bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkànnì mẹ́rin. Ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, 1990 ni àwọn onídíìṣì tó rí BSB. Ó lé ní oṣù mẹ́rìnlá tí Sky ti fi ń wọ ilé kiri, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn tí ń tà á láti ojúlé dé ojúlé.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ipò méjèèjì yìí, nítorí pé àwọn òpìtàn máa ń fò ó dá. Sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n a máa wà lókè ilẹ̀ ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, yóò sì máa bá ayé yí, débi pé lójú ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, ojú kan ni ó dúró sí. Díìṣì gbọ́dọ̀ kọjú sí i gan-an. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó bá fẹ́ rí ipò 31 ìwọ̀-oòrùn yóò yí díìṣì rẹ̀ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí 19.2 ìlà-oòrùn yóò yí i sí gúúsù ìlà-oòrùn. Ìyàtọ̀ àárín wọn tó ìwọ̀n 60. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó ga púpọ̀ lójú ọ̀run nínú àwọn méjèèjì: ọ̀kan kò ju ìwọ̀n 24 lọ láti orí ilẹ̀, èkejì kò ju 28. Igi ọgbà aládùúgbò tàbí òrùlé ilé tí ó wà níwájú lè dí wọn. Nítorí náà ògiri tí ó dára fún BSB lè má wúlò rárá fún Sky, ilé tí ó sì rí Sky kedere lè máà rí BSB. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ṣàṣàyàn ètò tí ó wù ú, ọ̀gangan tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sí ti yàn fún un.

Ẹni tí ó bá sì ní kí òun gba méjèèjì yóò bá òfin ìkọ́lé pàdé. Díìṣì kan ṣoṣo ni òfin ìgbà náà gbà kí onílé dè mọ́ ilé rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀; ti èkejì gba ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ilé ìjọba tàbí tí ó háyà ilé tún ní láti bẹ onílé. Ìjà lórí ẹwà àdúgbò kò sì kéré, gẹ́gẹ́ bí Charlotte Brunsdon ṣe tọ́ka sí i nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1991: díìṣì lára ògiri di ohun tí àwọn kan fi ń wọn irú ẹni tí ó ń gbé inú ilé. Tí a bá pa gbogbo èyí pọ̀, a ó rí i pé ọjà tí wọ́n pè ní ọjà àṣàyàn ń sọ fún ilé kọ̀ọ̀kan pé kí ó yan ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ó sì lu ògiri nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ra fídíò Betamax kò tíì kúrò lọ́kàn wọn, kàwọ́ gbera, wọ́n ń wo ẹni tí yóò ṣubú.

4. Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, 1990

Iléeṣẹ́ méjèèjì ń pàdánù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù kọkànlá, 1990, wọ́n kéde pé wọ́n ti di ọ̀kan, orúkọ wọn sì di British Sky Broadcasting. Òfin tuntun lórí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti gba òǹtẹ̀ ọba ní ọjọ́ tí ó ṣáájú gan-an. Murdoch ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún olórí ìjọba, Margaret Thatcher, ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Àjọ IBA, tí ó ni àdéhùn BSB, ni wọn kò sọ fún. IBA fi ìbínú hàn, ó ní wọ́n ti da àdéhùn, ṣùgbọ́n àjọ náà fúnra rẹ̀ kò ní ju oṣù méjì lọ láyé mọ́, nítorí òfin tuntun ti ní kí ITC gba ipò rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1991. Agbára tí ó kù fún un kò tó láti ṣe ju kí ó bójú tó bí àwọn òǹwòran BSB yóò ṣe kúrò níbi tí wọ́n wà.

Bí a bá wo ìwé àdéhùn ìsopọ̀ náà, ìdajì sí ìdajì ni wọ́n pín in. Bí a bá wo ara ògiri, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Sátẹ́láìtì tí ó ṣẹ́kù ni èyí tí Sky ń lò, ìlànà tí ó ṣẹ́kù ni PAL, dikódà tí ó ṣẹ́kù ni ti Sky. Galaxy, ìkànnì eré ìdárayá gbogbogbòò BSB, dákẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún náà, tí Sky One sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ìkànnì eré bọ́ọ̀lù rẹ̀ di Sky Sports ní oṣù kẹrin 1991, lórí Astra. Nígbà tí ó di ìparí 1992, iṣẹ́ ti tán fún ẹni tí kò bá ní ju Squarial lọ. Wọ́n ta sátẹ́láìtì Marcopolo méjèèjì tí BSB fi owó ńlá gbé sókè: ọ̀kan lọ sí Norway ní 1992, èkejì lọ sí Sweden ní 1993.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé 1964. Níbẹ̀, 21 ọdún. Níhìn-ín, kò tó ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí BSB dé ojú díìṣì títí tí ó fi dákẹ́. Níbẹ̀, ẹ̀rọ gbó kí ìgbì tó kú. Níhìn-ín, ìgbì kú lórí ẹ̀rọ tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì ṣá. Àwọn ilé tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé díẹ̀ ní 100,000. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ̀wé sí BSB pé òun ń lọ. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá ṣe nílé wọn kò yàtọ̀ sí èyí tí a máa ń ṣe fún ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ iléeṣẹ́: yóò tú Squarial kúrò, yóò dí ihò tí ó kù, yóò wá ògiri tí ó rí gúúsù ìlà-oòrùn, yóò lu ihò mìíràn, yóò fa wáyà gba ojú fèrèsé, yóò sì máa yí díìṣì díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi mọ́. Nínú àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, ilé náà di oníbàárà tuntun fún Sky. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí òpìtàn ṣọ́ra fún. Ó ka iye àwọn tí ó dé. Kò sọ iye àwọn tí wọ́n gbé dé.

Àwọn kan lè bá wa jiyàn níhìn-ín pé àwọn òǹwòran ni ó pa BSB, nítorí pé àwọn ni ó ra díìṣì Sky ṣáájú tí wọ́n sì rà á jù. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì fẹ́ bò ó. Àwọn tí ó ra Sky ní 1989 ṣàṣàyàn tí ó bọ́gbọ́n mu: ó wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni àṣàyàn náà wà. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti wọlé, ohun tí ó rà kò lè bá a jáde. Aṣọ tí ènìyàn rà ní ìsọ̀ tí ó ti kógbá sílé kò ní í bọ́ kúrò lára rẹ̀. Squarial bọ́ kúrò. Èyí ni ó mú kí a sọ pé oníbàárà, bí àwa ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà lọ́jà, kọ́ ni ẹni tí ó ní dikódà.

5. Káàdì, bọ́ọ̀lù àti àpótí tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni

Lẹ́yìn ìsopọ̀, kò sí iléeṣẹ́ sátẹ́láìtì mìíràn tí òǹwòran lè sá lọ bá. Ohun tí BSkyB wá dojú kọ ni bí yóò ṣe gba owó oṣooṣù. Káàdì kékeré tí ó wà nínú dikódà, tí ìlànà rẹ̀ ń jẹ́ VideoCrypt, ni ó fi ṣe é: bí owó bá tán, káàdì yóò ti ìkànnì. Nígbà tí àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ bá sì ti rí àdàkọ rẹ̀ ṣe, iléeṣẹ́ yóò fi káàdì tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo ilé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní 1994. Ní oṣù karùn-ún 1992, Sky pẹ̀lú BBC gba ẹ̀tọ́ láti fi ìdíje Premier League tuntun hàn fún ọdún márùn-ún, nínú àdéhùn tí wọ́n kéde pé iye rẹ̀ jẹ́ £304 mílíọ̀nù. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà, owó ni wọ́n fi ń wo Sky Sports. A kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó tó kí a sọ pé bọ́ọ̀lù ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ilé tí ó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ gba kí wọ́n lu ògiri wọn.

Ìṣípòpadà kejì tí ó ṣe pàtàkì fún wa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, 1998, nígbà tí Sky Digital dé. Sátẹ́láìtì mìíràn ni ó gbé e, Astra 2A, ní ipò 28.2 ìlà-oòrùn. Díìṣì tí ó ń wo 19.2 kò rí i. Dikódà àtijọ́ kò lè tú u. Nítorí náà oníbàárà tí kò fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Sky, tí kò bá Sky jà, tí ó sì ń san owó rẹ̀ déédéé, ní láti gba oníṣẹ́ sílé kí ó wá de díìṣì kékeré tuntun àti àpótí tuntun. Àpótí náà tó £200 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1999, lójú ìdíje pẹ̀lú ONdigital tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1998, Sky sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, £40 sì ni owó ìdè. Ọ̀fẹ́ náà ní okùn nídìí: oníbàárà gbọ́dọ̀ so àpótí mọ́ wáyà tẹlifóònù fún ọdún kan, nítorí pé àwọn tí ó san apá kan owó àpótí náà fẹ́ kí ó máa fi ojú tẹlifíṣọ̀n rajà. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, 2001, Sky pa ìgbì àtijọ́ rẹ̀. Láti 1998 sí 2001, ọdún mẹ́ta.

A gbọ́dọ̀ gbà pé èyí dára ju ti 1990 lọ. Oníbàárà mọ̀ ṣáájú, àpótí sì dé ọwọ́ rẹ̀ láìsan owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó ni àpótí náà ní ti tòótọ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 1995 ti sọ pé iléeṣẹ́ tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ìkànnì gbọ́dọ̀ gba àwọn iléeṣẹ́ mìíràn láyè lórí àdéhùn tí ó tọ́, OFTEL sì ni ó ń bójú tó o ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fara balẹ̀ wo òfin yìí, a ó rí i pé iléeṣẹ́ tí ó fẹ́ wọ inú àpótí Sky ni ó dáàbò bò. Ní ti òǹwòran tí ó fẹ́ gbé àpótí rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Sky lọ bá ẹlòmíràn, kò rí ìrànwọ́ kan gbà níbẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ITV Digital, orúkọ tí wọ́n wá sọ ONdigital, jẹ́ ẹ̀rí lórí kókó yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eríàlì orí òrùlé ni ó ń lò, kì í ṣe díìṣì. Ìkànnì olówó rẹ̀ dákẹ́ ní oṣù karùn-ún 2002. Àwọn tí wọ́n yàn láti palẹ̀ dúkìá rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́ sọ pé kí àwọn oníbàárà dá àpótí padà tàbí kí wọ́n sanwó rẹ̀. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni Carlton àti Granada, tí wọ́n ni iléeṣẹ́ náà, dá sí i tí wọ́n sì fi àpótí sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Freeview bẹ̀rẹ̀, àpótí tí ó yẹ kí ó di pàǹtí sì bá iṣẹ́ mìíràn pàdé, nítorí pé ìlànà tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Iléeṣẹ́ ṣubú, ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá a ṣubú. A kò rí irú rẹ̀ mìíràn nínú gbogbo ìtàn yìí.

6. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ilé

Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí Nàìjíríà. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959, ẹni tí ó bá ti rí owó ra tẹlifíṣọ̀n ti parí iṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1990 ni DStv ti iléeṣẹ́ MultiChoice ti sọ dikódà di ohun ìní àwọn tí ọwọ́ wọn tó o, àti ti àwọn onílé ìwo bọ́ọ̀lù ní àdúgbò. Ní 2007, HiTV, iléeṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀tọ́ Premier League kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Dikódà DStv kò lè tú HiTV. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí Arsenal tàbí Chelsea pòórá lójú rẹ̀ ní láti ra dikódà kejì, kí ó sì pe oníṣẹ́ wá dè é. Onílé ìwo bọ́ọ̀lù ni kò ní àṣàyàn rárá, nítorí pé àwọn tí ń wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kì í béèrè orúkọ iléeṣẹ́. Ìdíje tí wọ́n wá wò ni wọ́n ń béèrè.

Fún sáà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ẹ̀tọ́ náà padà sọ́dọ̀ DStv. HiTV kógbá sílé ní 2011. A kò lè fi ìkùnà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí pé fún sáà mẹ́ta ó fi hàn pé iléeṣẹ́ ìbílẹ̀ lè bá àgbà du ọjà. Ẹni tí ó gbé owó náà ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Ilé kan tí ó ti wà lọ́dọ̀ DStv kí 2007 tó dé, tí ó lọ sí HiTV tí ó sì padà, ti ra ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, kí ó tó padà sí ibi tí ó ti kúrò, láìjẹ́ pé ó fẹ́ kúrò nígbà kankan. Ìdíje tí ó ń tẹ̀ lé ni ó ń ṣí kiri.

Ní 2020, NBC, àjọ tí ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, ṣe àtúnṣe sí ìlànà rẹ̀ pé kí iléeṣẹ́ kan má ṣe dá ètò pàtàkì mú mọ́ra rẹ̀ nìkan, kí ó máa tà á fún àwọn yòókù pẹ̀lú. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó wọ́gi lé àtúnṣe náà ní 2022. Àwọn tí ó ń jiyàn lé e lórí nígbà náà, àti àwọn tí ó fẹ́ ẹ àti àwọn tí ó kọ̀ ọ́, orí ẹ̀tọ́ ètò ni wọ́n wà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe náà ì bá dúró, bọ́ọ̀lù ni ì bá máa ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Dikódà tí ẹni náà ti rà yóò ṣì máa gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.